Àlímì Tó Ń Sá fún Yìnyín Wá sí Etí Ọ̀sà Bàrígà

Bí ẹ bá dé etí ọ̀sà Bàrígà nínú oṣù Kejìlá, ẹ ó rí àwọn apẹja tí wọ́n wọ súwẹ́tà, tí wọ́n dé fìlà onírun, tí eyín wọn ń lu ara wọn nítorí ọyẹ́. Láàárín wọn, ẹ ó rí bàbá arúgbó kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Ẹ bá mi kí i. Àlímì nìyẹn. Orí rẹ̀ pé. Kánádà ló ti ń bọ̀ ni.

Ọdún mẹ́jọ rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin, tí yìnyín bá ti ń bọ́ ní Winnipeg tó ń gbé, á ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, á kó oògùn àyà rẹ̀ sápò, á wọ bàálù, ó di ọ̀dọ̀ wa. Kò ní padà títí oṣù Kẹta yóò fi dé ìdajì. Ó ní àwọn òyìnbó tí àwọn jọ ṣiṣẹ́ náà ń ṣe irú rẹ̀, pé ìlú apẹja kan wà létí òkun ní Mẹ́síkò tí wọ́n máa ń sá lọ nígbà òtútù, tí wọ́n á máa jókòó sójú oòrùn bí aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n pè é lọ́dún kan pé kó bá àwọn lọ. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń yan ẹja ọ̀bọ̀kún níbẹ̀. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ ọ̀bọ̀kún. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Èmi àti Àlímì jọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò tó tèmi. Abẹ́òkúta ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Ṣómólú, ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Nígbà náà, létà òjé la fi ń to ìwé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. A ó to létà tán, a ó fi yíǹkì pa á, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó wá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a ó sì dá ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà sínú àpótí rẹ̀. Ọwọ́ Àlímì yá ju ti gbogbo wa lọ. Ó lè to káàdì ìgbéyàwó tán kí ìdílé méjèèjì tó parí ìjà lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣáájú. Lọ́jọ́ kan, ó to ìwé ìsìnkú ọkùnrin kan kíákíá débi pé ìwé ti jáde lórí ẹ̀rọ kí wọ́n tó rí i pé ọkùnrin náà ṣì ń mí. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó lọ sí Kánádà. Ó ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé lòun máa ṣe lọ́hùn-ún. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n fún un ní ọkọ̀ ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu erinmi, wọ́n ní kó máa fi kó yìnyín kúrò lójú títì. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi kó o. Rọ̀kíbátù ìyàwó rẹ̀ lọ bá a, wọ́n bí Faridah síbẹ̀, ilé wọn dùn. Òtútù ni kò dùn. Òtútù ibẹ̀ le débi pé tí èèyàn bá sọ̀rọ̀ níta nínú oṣù Kìíní, ọ̀rọ̀ náà á dì sójú òfuurufú, oṣù Kẹrin ni aládùúgbò á tó gbọ́ ọ. Àlímì kọ́ ló sọ ìyẹn fún mi o. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ lójú rẹ̀, kò jiyàn.

Èyí tí kò ní àsọdùn nínú ni pé àyà Àlímì bà jẹ́. Rọ̀kíbátù kú, òun nìkan ló kù nínú ilé, tí ìgbà òtútù bá sì ti dé, èémí rẹ̀ á máa hó bí ìkòkò ẹ̀bà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní bí bàbá bá ní ibi tó móoru tó lè lọ, kó má ṣe jẹ́ kí oṣù Kìíní bá òun ní Winnipeg mọ́.

Bó ṣe padà wá sílé nìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé àbúrò rẹ̀ ní Palmgrove ló dé sí. Ilé náà rẹwà. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó tan ẹ̀rọ amúlétutù sí i ní yàrá tọ̀sán-tòru. Ẹ gbọ́ o: ọkùnrin tó sá fún òtútù láti Kánádà, òtútù ti jókòó dè é ní Palmgrove. Ó ń wúkọ́ níbẹ̀ bíi ti ọ̀hún, ojú sì ń tì í láti sọ fún ẹni tó gbà á lálejò.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kó sìn mí lọ ra ẹja létí ọ̀sà. Ibẹ̀ la ti dé ọ̀dọ̀ Sabina, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wonder. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun Ondó. Ọlápọ̀sí ọkọ rẹ̀ ń pẹja lórí ọ̀sà, òun ń yan án, Wonder ọmọ wọn sì ti wà nílé ọkọ. Ilé wọn dúró lórí òpó igi nínú omi, orí pákó téèrè ni èèyàn ń gbà wọlé, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á ti ṣírò ìṣísẹ̀ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àlímì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ooru iná wà lápá kan rẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà wà lápá kejì. Kí n tó ṣa ẹja mẹ́ta, ọkùnrin ti sùn lọ.

"Àlímì! Dìde, a ti ń lọ."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Bàbá Onítẹ̀wé," ni Sabina wí. "Ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń sùn ni? Ó jọ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sùn kẹ́yìn."

Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ àlejò tí kò mọ̀ rí. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun àsárì ni Àlímì tó lajú. Kò wúkọ́ ẹyọ kan. Ó wò mí, ó wo ọ̀sà, ó wá wo Ọlápọ̀sí tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní yàrá kan tí ẹ lè fún mi?"

Ọlápọ̀sí rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ àwọ̀n fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yàrá kẹ̀? Alàájì, abẹ́ ilé wa níbí, omi ni. Inú ẹ̀, ẹ̀fọn ni."

"Ẹ̀fọn yín máa ń kọrin kó tó jẹni. Òtútù Kánádà kì í sọ nǹkan kan."

"Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò fún ọjọ́ mẹ́ta," ni Sabina wí.

Ọjọ́ mẹ́ta náà ló di ọdún mẹ́jọ yìí.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Sabina àti ọkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ni Àlímì, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnì kejì ní nǹkan kan. Láàárọ̀, kí Àlímì tó ṣílẹ̀kùn, kẹ́tù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún àlùwàlá. Tí ààwẹ̀ bá bọ́ sí àkókò tó wà níbẹ̀, Sabina ló ń jí i fún sààrì, á sì jókòó tì í títí á fi jẹun tán, kó má baà dá jẹun. Tí Ọlápọ̀sí bá ti orí omi dé, ó ti mọ èyí tó jẹ́ ti Bàbá Kánádà nínú ẹja: epìyà tí egungun rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ eyín. Mo ti rí àwọn ọmọ tí wọn kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún bàbá wọn. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ ara yín.

Faridah ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ bínú nígbà tó gbọ́. Ó pè é lórí fóònù, èyí tó máa ń fi ojú èèyàn hàn.

"Dádì, orí omi lẹ ń sùn? Ní ọjọ́ orí yín yìí?"

Àlímì kò bá a jiyàn. Ó gbé fóònù súnmọ́ àyà rẹ̀, ó mí sínú, ó mí síta, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà tẹ́tí, kò gbọ́ híhó kankan.

"Kí lorúkọ màmá yẹn? Ẹ fún wọn ní fóònù kí n dúpẹ́."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, nítorí òun gan-an ni mo fi jókòó kọ̀wé.

Igi ìdáná wọ́n. Àjákù pákó tí Sabina máa ń rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń la pákó ti di ohun tí àwọn obìnrin etí omi ń dìde ní kùtùkùtù lọ jà sí. Àlímì rí i bó ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn ru ìdì igi bọ̀. Ó wá bá mi nílé ní Fọlá Àgòrò.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti lè rí igi gbígbẹ? Ó pẹ́ tí obìnrin yẹn ti ń gbé omi sẹ́nu ọ̀nà mi, kò sì jẹ́ kí n gbé ohunkóhun fún òun. Tí mo bá fún un lówó kún tilé, á dá a padà. Tí mo bá ra aṣọ, á ní ó ti pọ̀ jù. Igi, kò ní lè kọ̀ ọ́."

"Igi gbígbẹ?" Mo rẹ́rìn-ín. "Igi tó ju gbígbẹ lọ ni mo ní."

Mo sì ní in lóòótọ́. Àwọn àpótí létà òjé tí mo kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, gbogbo wọn ló wà ní kọ̀rídọ̀ mi, wọ́n ga dé àjà. Ìyàwó mi ti ń bá mi jà lórí wọn fún ọdún mọ́kànlá, ó ní òun fi ẹ̀gbẹ́ rìn nínú ilé ara òun. Igi gidi ni wọ́n, ogójì ọdún ni wọ́n ti gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi ń wá igi, ìyàwó mi ń wá àyè. Mo rò pé ọgbọ́n mi kò lẹ́gbẹ́ lọ́jọ́ náà. A di àpótí mẹ́wàá mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, Àlímì sì gbé wọn lọ.

Ohun tí kò wá sí wa lọ́kàn ni pé ogójì ọdún ni yíǹkì àti kẹrosíìnì ti fi ń mu sínú àwọn igi náà. Ẹlòmíì tó bá gbé e súnmọ́ imú á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n inú òórùn yẹn ni èmi àti Àlímì ti di géńdé. Ó ti pẹ́ tí imú wa ti kà á mọ́ afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Sabina bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Ọlápọ̀sí ti kó ọ̀bọ̀kún dé, ẹja ti wà lórí wáyà, iná ti ń jó. Sabina kò fẹ́ lọ, Àlímì ló lé e lọ.

"Ẹ kàn máa ki igi sí i, Bàbá Kánádà," ni Sabina wí, ó ti fi aṣọ funfun rẹ̀ sọ́rùn. "Ẹ má jẹ́ kó jó, ẹ má sì jẹ́ kó kú."

"Ẹ lọ gbàdúrà fún wa. A ti mọ̀ ọ́n."

Èmi náà wà níbẹ̀, mo jókòó, mo ń fọwọ́ tọ́ka. A la àwọn àpótí, a ki wọ́n sínú iná. Iná náà jó bí ẹni pé wọ́n ti ń dá a dúró láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹja náà pọ́n, ó dúdú, ó ń dán bí bàtà ṣọ́jà. Mi ò rí ẹja tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. A kò tọ́ ọ wò, nítorí ẹja oníbàárà ni, Sabina kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹja oníbàárà.

Nígbà tó dé, kátà ti dí i nímú láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó gbé ẹja kan wò, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ha! Bàbá Kánádà, ọwọ́ yín mà dára o! Èmi gan-an ò yan irú èyí rí."

Ẹ wo bí Àlímì ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn oníbàárà wá kó ẹja wọn. Ní ọjọ́rú, fóònù dún. Ọwọ́ Sabina wà nínú ìpẹ́ ẹja, ó ní kí Àlímì gbé e sí gbangba kí gbogbo ilé gbọ́. Oyinkọ́lá ló ń pè, obìnrin tó ń ta ẹja yíyan ní Onípáànù. Òun ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja Sabina, bí ó bá sì ti rà á, àwọn yòókù náà á rà á.

"Ìyá Wonder, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Kí ló dé, Oyin?"

"Ẹja yín ń rùn bí ilé mẹkáníìkì! Ìyàwó pásítọ̀ dá márùn-ún padà sórí tábìlì mi lójú gbogbo ayé. Ó ní ṣé inú kẹrosíìnì ni ẹja yẹn ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó pa á. Ọdún mọ́kànlá, Ìyá Wonder! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi orúkọ yín búra fún àwọn èèyàn. Ẹ má gbé ẹja wá fún mi mọ́."

Ó pa fóònù. Kí ọjọ́ tó kanrí, ẹni mẹ́ta mìíràn ti pè.

Àlímì dìde. Ó lọ sídìí ààrò, ó fi igi tú eérú, ó mú ẹyọ pákó kan tí iná kò jó tán. Ó gbé e sí imú rẹ̀ pẹ́. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti yí.

"Ìyá Wonder, èmi ni. Igi tí mo fi dáná ni. Yíǹkì wà nínú ẹ̀."

"Níbo lẹ ti rí igi náà?"

Mo jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó tó ìṣísẹ̀ méjì sí mi. Àlímì wò mí. Mo wo ọ̀sà.

"Mo rí i ní Ṣómólú," ló wí, kò sì fi kún un.

Ṣómólú tóbi o. Ó fi gbogbo ìlú bò mí láṣìírí.

Sabina kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó kàn ń fi etí aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ tipẹ́. Ó ní nígbà tí òun ti etí òkun dé Bàrígà, òun ò mọ ẹnikẹ́ni, òun ò mọ títì, òun ò gbọ́ èdè àwọn oníbàárà dáadáa, ẹja òun nìkan ló ń bá òun sọ̀rọ̀ fún wọn. Ó wọlé lọ.

Àlímì gbé àpótí aṣọ rẹ̀ jáde, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lẹ ń lọ?" Ọlápọ̀sí bi í.

"Bàbá Wonder, mo ti bomi pa iná ilé tó gbà mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn níbẹ̀? N ó lọ wá ọkọ̀ òfuurufú tó bá ń lọ."

Oṣù Kejìlá ni. Oṣù Kìíní ló kàn. Mo rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ̀rù obìnrin yẹn ń bà mí.

Ọlápọ̀sí fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Kánádà, ẹ jókòó. Nílé tiwa, ẹni tó bá ba ẹja obìnrin jẹ́ kì í fi ẹnu bẹ̀bẹ̀, kì í sì í sá. Á gbé ẹja tó bà jẹ́ náà lórí, á gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó rà á, á sọ fún wọn pé ọwọ́ òun ni, kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Bí wọ́n bá gbà, ó parí."

"Bí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

Láti inú ilé ni Sabina ti sọ̀rọ̀. "Bí Oyinkọ́lá ò bá gbà, mo máa padà sí etí òkun lọ máa yan ẹja lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ilé yìí á wà ní títì."

Ọ̀rọ̀ ti hàn sí gbogbo wa nìyẹn. Orí Oyinkọ́lá kan ṣoṣo ni ilé náà dúró lé.

Lọ́jọ́ kejì, Àlímì, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, gbé agbọ̀n ẹja tó ṣẹ́kù nínú èyí tó bà jẹ́ náà sórí òṣùká. Ó wọ agbádá tó ń wọ̀ lọ kí àwọn ọlọ́lá. Èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ní mo fẹ́ sìn ín kí ọkọ̀ má gbá a. Láti Bàrígà dé Fọlá Àgòrò, láti ibẹ̀ dé Palmgrove, òórùn wa ń ṣáájú wa. Ọlọ́kàdà kan dẹwọ́.

"Bàbá, ẹja lẹ ń tà ni àbí epo bẹntiróòlù?"

"Méjèèjì," ni mo dá a lóhùn. "Èwo ni kí n rọ sí ọ lẹ́nu?"

Àwọn oníbàárà kéékèèké rọrùn. Wọ́n rí àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀ tọwọ́tọwọ́ níwájú tábìlì wọn, ojú tì wọ́n, wọ́n ní kó dìde, ó ti tán. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló fi ọ̀rọ̀ kan náà parí rẹ̀: kí la gbọ́ lẹ́nu Oyinkọ́lá?

A dé Onípáànù, ojú títì gba èèyàn, ìwo ọkọ̀ ń hó. Oyinkọ́lá jókòó sẹ́yìn ẹja rẹ̀, ó ká apá gbera. Àlímì dọ̀bálẹ̀, ó sọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ dìde. Mo bọ̀wọ̀ fún irun orí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìyá Wonder ló rán yín. Ó lọ wá bàbá méjì tó ń gbọ̀n kí àánú lè ṣe mí."

"Ọlọ́run gbọ́, kò rán wa."

"Igi wọ́n, èmi náà mọ̀. Gbogbo wọn létí omi ló ń fi ohun tọ́wọ́ wọn bá bà dáná báyìí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irú igi yẹn ló máa máa lò lọ. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ní Ṣómólú," ni Àlímì wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Lọ́dọ̀ ta ni ní Ṣómólú?"

Àlímì pa ẹnu mọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé á padà sínú yìnyín kó tó dárúkọ mi. Àádọ́ta ọdún ọ̀rẹ́.

"Lọ́dọ̀ tèmi ni," ni mo wí.

Oyinkọ́lá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ta ni?"

"Èmi ni onítẹ̀wé. Àpótí létà mi la fi yan ẹja yín. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, kò sí irú ẹ̀ mọ́ ní gbogbo Èkó. Ó ku mẹ́ta péré. Láàárọ̀ yìí ni ìyàwó mi ní kí n kó wọn síta, mo sì fọwọ́ ara mi kó wọn."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò purọ́?"

Ẹ wo ayé mi! Gbogbo ìgbà tí mo purọ́, wọ́n gbà mí gbọ́. Mo na ọwọ́ mi sí i láìmọ ohun tí mo ń ṣe. Oyinkọ́lá tẹ̀ síwájú, ó gbọ́ òórùn àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni ń wo ẹja bóyá ó ti rà. Ó gbọ́ ti ẹja inú agbọ̀n. Ó tún padà sí ọwọ́ mi.

"Yéè! Òun gan-an ni! Bàbá, ẹ̀yin ni mo tà fún ìyàwó pásítọ̀!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ dìde wá, ẹni mẹ́rin ló gbọ́ òórùn ọwọ́ mi kí n tó rí i gbà padà. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó di oníṣòwò padà.

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin bàbá. Agbọ̀n kan. Kí Ìyá Wonder fúnra wọn dá iná náà. Lórí yín níbẹ̀ ni mo ti máa gbóòórùn ẹ̀, kí ẹ tó sọ̀ ọ́. Bí mo bá gbọ́ nǹkan kan, kí ẹ má yà síbí mọ́."

Nígbà tí a délé, Sabina ti gbọ́ lórí fóònù. Ó dúró lórí pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

"Bàbá Onítẹ̀wé."

"Ìyá Wonder."

"Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ Ṣómólú."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí pákó, orúnkún mi sì dún bí igbá tó fọ́. Ó ní kí n dìde kí n má baà já sómi, pé òun ò ní wẹ̀ lọ gbé ẹnikẹ́ni.

A kó eérú dànù. Àlímì fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha wáyà títí ó fi funfun. Ọlápọ̀sí wa ọkọ̀ kọjá sí òdìkejì ọ̀sà, ó gbé igi ẹ̀gbà bọ̀, èyí tó ń hù létí omi, tí bàbá rẹ̀ fi ń yan ẹja. Láti kùtùkùtù ni Sabina àti Àlímì ti jókòó ti iná náà. Sabina ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹja nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ń gbẹ, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ooru. Ọkùnrin tó ti wakọ̀ la yìnyín kọjá fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ń bi í léèrè bí ọmọ iṣẹ́. Èmi náà fẹ́ súnmọ́ wọn.

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn," ni Sabina wí. "Ẹ jìnnà sí ẹja mi."

Ìgbà tí wọ́n gbé e dé Onípáànù, Oyinkọ́lá dìde lórí àpótí, ó na imú sínú agbọ̀n lórí Àlímì. Ó mú ọ̀bọ̀kún kan, ó bù ú, ó jẹ ẹ́, ó tún bù ú. Àlímì sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun ń gbọ̀n débi pé agbọ̀n náà ń jó lórí òun. Mo mọ̀ pé ó ń bù mọ́ ọn. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Oyinkọ́lá jẹ ẹja náà tán dé irù. Ó mú fóònù rẹ̀.

"Ìyá Wonder, ẹ kú iṣẹ́. Méjì ni kí wọ́n gbé wá lọ́la."

Nígbà tí Àlímì dé etí ọ̀sà, àpótí aṣọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Sabina ti gbé e wọlé, ó ti tún ibùsùn tẹ́. Àlímì jókòó sórí ibùsùn náà, ó pẹ́ kó tó jáde, nígbà tó sì jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní èéfín ni.

Láti ọjọ́ náà, kò ṣe àlejò mọ́. Òun ló ń dá iná, òun ló ń yí ẹja, èéfín igi ẹ̀gbà sì ti wọ gbogbo aṣọ rẹ̀, dé orí agbádá jímọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a jọ wà lórí ìlà kan náà ní mọ́sáláṣí. Mo rí i pé ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ń mí sínú gidigidi. Ẹni tó wà níwájú wa yíjú díẹ̀ nígbà tí kò yẹ kó yíjú. Bí a ṣe sálámà tán, ẹni apá ọ̀tún tẹ̀ sí Àlímì létí.

"Alàájì, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti ń yan ẹja yẹn?"

"Ọ̀dọ̀ Sabina," ni Àlímì wí. Kò rọra sọ ọ́. Gbogbo ìlà wa ló gbọ́. "Ìyá Wonder, létí ọ̀sà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mo máa mú yín débẹ̀."

Ẹni mẹ́ta ló tẹ̀ lé e jáde. Àwọn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ gba ti mẹ́ta.